Ọmọ Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Aliens

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ máa ń bi mí léraléra: "Prof, bí fíìmù kan bá ní ẹ̀yà méjì, èyí tí wọ́n gbé lọ sí sinimá àti èyí tó gùn tí wọ́n mú jáde lẹ́yìn náà, èwo ni kéèyàn wò?" Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí kálukú wo èyí tí àyè rẹ̀ bá gbà. Ìdáhùn ọ̀lẹ nìyẹn. Fíìmù tó jẹ́ kí n yí èrò mi padà ni Aliens, tí James Cameron kọ, tó sì darí ní 1986. Èyí tí wọ́n fi hàn ní sinimá gùn tó ìṣẹ́jú 137. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Cameron dá àwọn ìran tí wọ́n ti gé kúrò padà sínú rẹ̀, ó wá di ìṣẹ́jú 154. Ìṣẹ́jú 17 péré ni ìyàtọ̀ wọn. Ìrẹsì tó wà lórí iná lè má tíì jinná kí ìṣẹ́jú 17 tó pé. Ṣùgbọ́n odindi ọmọ kan wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ìtàn náà síbí ní ṣókí fún ẹni tí kò tíì wò ó. Fíìmù àtijọ́ ni, torí náà mi ò ní tọrọ àforíjì pé mo sọ ìparí rẹ̀. Ellen Ripley, tí Sigourney Weaver ṣe, ni òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó yè bọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú kan tí ẹ̀dá abàmì wọ̀, tó sì pa gbogbo àwọn yòókù. Inú fíìmù àkọ́kọ́, Alien, tí Ridley Scott darí ní 1979, nìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Ripley sá wọ ọkọ̀ kékeré kan, ó sun oorun ẹ̀rọ níbẹ̀, ọdún 57 ló fi ń léfòó kiri kí wọ́n tó rí i. Oorun yẹn kì í jẹ́ kí ara gbó. Bó ṣe sùn náà ló ṣe jí. Nígbà tó jí, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ ti kó tọkọtaya àtọmọ lọ tẹ̀dó síbi tí ẹ̀dá yẹn ti wá. Kò pẹ́, wọn ò gbúròó àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ́. Wọ́n wá bẹ Ripley pé kó bá àwọn sójà lọ wo ohun tó dé. Ó lọ. Ó bá ọmọbìnrin kékeré kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Newt, tó ń sá pamọ́ sínú ihò atẹ́gùn, tí ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọn ló kù.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé kí ló dé tí obìnrin yìí fi padà síbẹ̀. Èèyàn tó ti rí ikú bẹ́ẹ̀, tó mórí bọ́, ṣé ó tún máa ń padà lọ bá a nílé ni?

Nínú ẹ̀yà kúkúrú, àlá burúkú ni ìdáhùn. Burke, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tí Paul Reiser ṣe, mú ọ̀gá sójà kan wá bá a nílé, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Lóru, ó lá àlá, ó fò sókè, òógùn bò ó. Ó wẹjú, ó pe Burke lórí ẹ̀rọ, ó bi í bóyá wọ́n ń lọ pa àwọn ẹ̀dá náà run ni, pé kì í ṣe láti mú wọn wálé. Burke ní bẹ́ẹ̀ ni. Ripley ní òun ń bọ̀. Ó tán. Obìnrin kan fẹ́ lọ kojú ohun tó ń dẹ́rù bà á kó lè rí oorun sùn. Ìdí tó dáa ni, mi ò bá a jà. Ẹni tó bá ti ti ojú ogun dé rí yóò mọ̀ ọ́n.

Nínú ẹ̀yà gígùn, ìran kan ṣáájú èyí. Ripley jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọgbà kan. Igi wà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà. Ojú ẹ̀rọ lásán ni; ó na rìmóòtù sí i, ọgbà náà pòórá. Burke dé, ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ tó fẹ́ wádìí rẹ̀. Ripley kò dá a lóhùn lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń bi í. Burke kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po, kó tó wá sọ ọ́: Amanda ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹni ọdún 66 ni. Ó fi fọ́tò rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan ló wà nínú fọ́tò náà. Ripley fọwọ́ kàn án lójú, ó ní òun ṣèlérí fún un pé òun á ti délé kó tó ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ ìbí ọdún 11.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ripley sùn fún ọdún 57. Ẹ yọ ọdún méjì tí ọmọ ti kú, ó ku 55. Ẹ yọ 55 kúrò nínú 66, ó ku 11. Ìṣirò náà pé pérépéré. Mo fẹ́ràn irú ìyẹn, torí ó fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ jókòó tì í.

Fún àwa Yorùbá, ìran yìí ní ohun tó ju ẹkún lọ. Àdúrà ojoojúmọ́ wa ni pé kí ọmọ ó sin wá, ká má fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣọ̀fọ̀ Amanda? Kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀ ní tirẹ̀. Ó dàgbà, ó lọ sílé ọkọ, orúkọ ọkọ wà lára orúkọ rẹ̀, irun orí rẹ̀ funfun kó tó lọ. Bó bá jẹ́ nílé wa ni, a lè pa màlúù. Ìyá ẹ̀ ló wá jókòó síbí yìí, kò tíì ní hun ewú kan, tó di fọ́tò arúgbó tí òun fúnra rẹ̀ bí mú. Mi ò mọ orúkọ tí èdè wa fi ń pe irú òfò bẹ́ẹ̀. (Obìnrin inú fọ́tò yẹn ni Elizabeth Inglis, ìyá tó bí Sigourney Weaver gan-an, tí òun náà ti ṣe eré rí. Ìyá ló fi ojú rẹ̀ ṣe ojú ọmọ. Nígbà tí mo mọ èyí, mo tún lọ wo ìran náà.)

Ohun tí ìran yẹn ṣe sí ìyókù fíìmù ló jẹ mí lógún. Nínú ẹ̀yà méjèèjì, Ripley tẹ́ Newt sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣèlérí fún un pé òun ò ní fi í sílẹ̀. Ọmọ náà mú kó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ búra. Ẹni tó bá wo ẹ̀yà kúkúrú yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni, irú èyí tí àgbàlagbà máa ń sọ kí ọmọdé lè sùn. Nínú ẹ̀yà gígùn, Newt ti kọ́kọ́ bi í pé ṣé ó bímọ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọbìnrin kan. Newt bi í pé ibo ló wà. Ripley ní ó ti lọ. Ọmọ yìí, tó ti rí òkú ju ti ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ní ṣé ó ti kú ni o ń sọ? Ìgbà yẹn ni ìlérí tó tẹ̀ lé e di ìlérí kejì. A ti mọ ohun tó ṣe ìlérí àkọ́kọ́. Ripley náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀dá náà gbé Newt lọ, tí gbogbo ibẹ̀ fẹ́ bú gbàù, tí ọlọ́gbọ́n yóò ti wọkọ̀ kó máa lọ, tí Ripley wá ń fi téèpù so ìbọn méjì pọ̀ tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá àwọn ẹ̀dá abàmì nínú ìtẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní àwọn ará fíìmù ti tún dé pẹ̀lú àsọdùn wọn. Gbèsè ló lọ san.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Newt dì mọ́ ọn, ó pè é ní "Mommy". Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ẹ̀yà méjèèjì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò kéré.

Ó yẹ kí n gba ẹjọ́ ẹnìkejì rò. Àwọn kan wà tí wọ́n ní fíìmù náà kò nílò ìran fọ́tò yẹn rárá, pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Wọ́n ní ojú Weaver ti sọ ọ́ tán. Bó ṣe ń nu ìdọ̀tí lójú Newt, èèyàn ti rí i pé obìnrin yìí ti tọ́mọ rí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ti ya ìran ọmọ yẹn kí wọ́n tó gé e, Weaver sì ṣe gbogbo ipa náà gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó pàdánù ọmọ. Ẹ̀yà kúkúrú ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Oscar fún òṣèré-bìnrin tó dára jù, ohun tí kì í sábàá ṣẹlẹ̀ sí fíìmù ìbọn àti ẹ̀dá abàmì. Ìbànújẹ́ náà wà lójú rẹ̀, wọ́n kàn gé ìdí rẹ̀ kúrò ni. Weaver fúnra rẹ̀ kò fi bò pé gígé tí wọ́n gé e dun òun. Èrò tèmi ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ dáa bí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ti ní àbọ̀ kejì lọ́wọ́. Àwọn tó wà ní sinimá lọ́dún 1986 kò ní in.

Ẹ má rò pé mo ti sọ pé gígùn ló dáa o. Ìran mìíràn wà nínú ìṣẹ́jú 17 yẹn tó jẹ́ pé bó bá wà lọ́wọ́ mi ni, màá tún ronú lórí rẹ̀. Ó mú wa lọ sí Hadley's Hope, ibùdó tí àwọn èèyàn tẹ̀dó sí, nígbà tí ohun gbogbo ṣì dáa níbẹ̀. Èèyàn 158 ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri, àwọn òṣìṣẹ́ méjì ń ráhùn pé ẹnì kan láti ọ́fíìsì ní kí wọ́n lọ wo ibì kan láìsọ ìdí rẹ̀. Àwọn òbí Newt ló lọ wò ó, pẹ̀lú Newt àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nínú ọkọ̀. Wọ́n rí ọkọ̀ òfuurufú ńlá inú fíìmù àkọ́kọ́. Tọkọtaya náà wọlé. Nígbà tí ìyá jáde, ó ń wọ́ ọkọ rẹ̀ bọ̀, ohun abàmì kan ti dì mọ́ ọkùnrin náà lójú. Newt fi igbe ta.

Wọ́n ṣe é dáadáa, ìṣòro rẹ̀ ni ibi tí wọ́n fi í sí. Nínú ẹ̀yà kúkúrú, yàtọ̀ sí inú àlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí a tó fojú kan ẹ̀dá náà. Àwa àtàwọn sójà la jọ dé ibùdó náà: òjò ń rọ̀, ilẹ̀kùn ń gbá, kò sẹ́nì kankan. A kò mọ̀ ju bí àwọn náà ṣe mọ̀ lọ. Àní èèyàn lè máa ṣiyèméjì pé bóyá Ripley ń ṣe àṣejù ni. Ẹ̀yà gígùn gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. A ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀, à ń dúró kí àwọn sójà náà wá rí i. Ohun kejì tó bà jẹ́ ni ọ̀ràn Burke. Níwájú, Ripley wo àkọsílẹ̀ ibùdó náà, ó rí i pé Burke ló fọwọ́ sí ìwé tó rán àwọn òbí Newt lọ síbẹ̀. Nínú ẹ̀yà kúkúrú, ìròyìn yẹn gbá èèyàn létí. Nínú èyí tó gùn, a ti fura láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ méjì yẹn ti ń ráhùn.

Ìran àwọn ìbọn tó ń dá yìn ńkọ́? Èyí ló yà mí lẹ́nu jù pé wọ́n gé e, torí ìjà ni, ìjà sì lèrò sinimá wá wò. Àwọn sójà gbé ìbọn mẹ́rin kalẹ̀ sí ọ̀nà tí àwọn ẹ̀dá náà lè gbà wọlé, ìbọn tó ń fi ẹ̀rọ ríran, tó ń yìn fúnra rẹ̀. A kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìjà náà. Ojú kọ̀ǹpútà ni àwọn sójà ń wò, iye ọta tó kù ń já wálẹ̀, ó ń já wálẹ̀. Àwọn ìbọn méjì àkọ́kọ́ tán pátápátá. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù já dé 10 kí àwọn ẹ̀dá náà tó padà lẹ́yìn. Ọta mẹ́wàá ló yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ ikú, àwọn tó wà níta kò sì mọ̀. Nọ́ńbà lásán ló dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ìran yìí tún ṣàlàyé ohun kan: nígbà tí àwọn ẹ̀dá náà wá gba òkè àjà wọlé níkẹyìn, a mọ̀ pé wọ́n ti gbìyànjú ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ná wọn lẹ́mìí. Àwọn yòókù inú ìṣẹ́jú 17 náà, bíi fáàrí Hudson nínú ọkọ̀ àti bí Ripley àti Hicks ṣe sọ orúkọ àbísọ wọn fún ara wọn, wọ́n dùn-ún wò, ó parí síbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi gé wọn? Ọ̀rọ̀ owó ni, kò fara pamọ́. Sinimá ní iye wákàtí tó fi ń ṣí lóòjọ́. Bí fíìmù bá ṣe gùn tó ni iye ìgbà tí wọ́n lè fi hàn lọ́jọ́ kan ṣe ń dín kù, tíkẹ́ẹ̀tì náà sì ń dín kù bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó ju wákàtí méjì lọ ti ń ba àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n bá wá ní kí olùdarí dín in kù, ìran tó dákẹ́ ló rọrùn jù láti yọ. Bí ẹ bá yọ ìran tí wọ́n ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi sá lọ, òǹwòran yóò béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe dé ibí yìí. Bí ẹ bá yọ ìran tí obìnrin kan di fọ́tò mú, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohunkóhun. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní wẹ̀yìn wò.

Ilé-iṣẹ́ kan náà, 20th Century Fox, ló tún gbé Kingdom of Heaven jáde ní 2005, èyí tí Ridley Scott darí lórí ogun Jerúsálẹ́mù. Èyí tó lọ sí sinimá jẹ́ ìṣẹ́jú 144. Ẹ̀yà ti olùdarí tó tẹ̀ lé e tó ìṣẹ́jú 194. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n gé níbẹ̀: ọmọ ni! Sibylla, tí Eva Green ṣe, ni àbúrò... rárá o, ẹ̀gbọ́n ni nínú ìtàn, ẹ̀gbọ́n Ọba Baldwin Kẹrin tó jẹ́ adẹ́tẹ̀. Nínú ẹ̀yà kúkúrú, ó di ayaba, ó gbé adé fún ọkọ rẹ̀, lójijì ó gé irun orí rẹ̀, ojú rẹ̀ rí wúruwùru. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣe é. Àwọn èèyàn jáde ní sinimá, wọ́n ní obìnrin inú fíìmù yẹn kò ní láárí. Nínú ẹ̀yà gígùn, ó ní ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi jọba lẹ́yìn ikú ọba. Lọ́jọ́ kan, ìda gbígbóná kán sí ọmọ náà lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n lára. Ìyá rí i, ó mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ti dé. Ó rántí bí ẹ̀tẹ̀ ṣe jẹ ẹni tó wà lórí ìtẹ́ ṣáájú rẹ̀ tán. Ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó da májèlé sí i létí, ọmọ náà sùn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló gé irun. Nílé wa níbí, bí obìnrin bá ṣàdédé gé irun orí rẹ̀ kanlẹ̀, ohun tá a máa kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló kú. Àwọn tó wo ẹ̀yà kúkúrú kò lè béèrè, torí òkú náà kò sí nínú fíìmù.

Baldwin Karùn-ún wà nínú ìtàn lóòótọ́, ọmọdé ló jọba, ó sì kú ní 1186. Àwọn tó ṣe fíìmù ló fi ẹ̀tẹ̀ àti májèlé sí i. Síbẹ̀, láìsí irọ́ yẹn, ipa Sibylla kò dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo ti fi òfin lélẹ̀: Cameron kan náà ló ṣe Terminator 2 ní 1991, tó tún mú ẹ̀yà gígùn jáde lẹ́yìn náà. Ìran tó dáa wà níbẹ̀, bíi ti ìgbà tí Sarah fẹ́ fọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ tí John kò gbà fún un. Ṣùgbọ́n Cameron gan-an ní èyí tó lọ sí sinimá ni ojúlówó, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, torí gbogbo ohun tí fíìmù náà dúró lé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ridley Scott sì tún Alien to ní 2003, ó wá kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ ní bí ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ẹ má fi aago wọ̀n ọ́n. Ẹ wo ìran tí wọ́n gé, kí ẹ béèrè pé ìran mélòó nínú ìyókù ló ń bojú wẹ̀yìn wò ó. Fáàrí Hudson, kò sí ìran tó ń bojú wò ó. Fọ́tò Amanda, ìdajì fíìmù ló ń wò ó.

Ẹni tí kò wo Aliens rí, kó kọ́kọ́ wo ti ìṣẹ́jú 137, kí ẹ̀rù lè bà á bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó wo ti 154. Èmi tí mo ti wò wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé bó bá jẹ́ èmi ni, màá fi fọ́tò àti ìbọn sílẹ̀, màá yọ Hadley's Hope kúrò. Ó dá mi lójú títí di ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó ti bímọ méjì, rán mi létí ohun tí mi ò kà sí. Ó ní inú ìran yẹn nìkan la ti rí ìyá Newt. Òun ló wọ́ ọkọ rẹ̀ jáde, òun ló ń kígbe sórí rédíò pé kí wọ́n wá ran àwọn lọ́wọ́, pẹ̀lú ọmọ tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, nígbà tí Newt bá pe Ripley ní "Mommy" níkẹyìn, a kò ní tíì rí ẹni tó kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Mi ò tíì rí èsì fún un.